Awọ òbúkọ kan, láti ọwọ́ alápatà dé ọwọ́ ṣúmékà

Mo fẹ́ awọ òbúkọ kan tó rọ̀ lọ́wọ́, tí kò rùn, tí omi bá kàn án tí kò ní padà di pọ̀nmọ́, tí ṣúmékà á sì lè gún lábẹ́rẹ́ láìbú mi. Mo fi òfin kan lé e fún ara mi: n kò ní ra kẹ́míkà kankan tó ti iléeṣẹ́ wá. Ohun tí mo bá máa lò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìbàdàn lójoojúmọ́. Ó sì ṣeé ṣe. Eérú èèpo kókó, omidùn, bàgàrúwà (èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan) àti òróró ẹ̀pà ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Àwọn tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ rí mọ̀ pé wàhálà ibẹ̀ kì í ṣe oògùn. Ìkánjú ló ń ba awọ jẹ́, ibi méjì ló sì ti máa ń bà á jẹ́: nígbà tí a bá ń ha ẹran kúrò lára rẹ̀, àti nígbà tí a bá kọ́kọ́ rì í sínú bàgàrúwà. Ibi méjèèjì yìí ni màá ti pẹ́ jù. Ìyókù, ẹ ó kàn tẹ̀lé e ni.

Kí awọ tó délé

Rírí awọ gan-an ló kọ́kọ́ ṣòro. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í sábà bó ewúrẹ́. Iná ni wọ́n fi ń jó irun ara rẹ̀, awọ á sì bá ẹran wọ ìkòkò. Ti màlúù ńkọ́? Pọ̀nmọ́ ni. Ní 2022, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ awọ ní Zaria sọ pé ó yẹ kí òfin dá jíjẹ pọ̀nmọ́ dúró, torí pé awọ tó yẹ kó lọ sí ilé ìṣawọ là ń jẹ tán. Ẹ rántí ariwo tó tẹ̀lé e. Èmi ò bá pọ̀nmọ́ ṣọ̀tá o, mo kàn ń sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ bá alápatà sọ̀rọ̀ kí ó tó dáná.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó o. Ẹ bá mi bó o."

"Bó kẹ̀? Bọ̀dá, ẹ̀yin ò jẹ awọ ni?"

Ó gba ₦1,000 lé lórí iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀, nítorí bíbó pẹ́ ju jíjó lọ. Mo san án láìjanpata.

1. Bíbó

Ẹ má gba awọ ẹran tó kú fúnra rẹ̀. Ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má sì gbà á lẹ́dìn-ín. Ní oṣù Keje 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àrùn anthrax ti wọ oko ẹran kan ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Awọ wà lára ọ̀nà tí àrùn yẹn fi ń mú èèyàn láti ayébáyé, nítorí pé kòkòrò rẹ̀ lè wà lára awọ gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, iyọ̀ ò sì pa á. Ẹran tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ alápatà, tí ara rẹ̀ le, ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn tí alápatà bá ti la awọ láti àyà dé ìdí, tó sì ti yí ọrùn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, ẹ sọ fún un kó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ni kó fi máa ti awọ kúrò lára ẹran. Awọ ewúrẹ́ ò nípọn, ọ̀bẹ kì í pẹ́ gé e débi tí ihò yóò fi yọ nígbà tí ẹ bá nà án. Ti èmi ní ihò méjì níbi ìbàdí àti ojú ọ̀bẹ mélòó kan tí kò gé e kọjá.

Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílò 1.7. Láti ọrùn dé ìdí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 84, fífẹ̀ rẹ̀ láàárín sì jẹ́ 66. Ẹ kọ ìwọ̀n kílò yẹn sílẹ̀, torí òun la ó fi ṣírò iyọ̀.

2. Iyọ̀

Bí ẹ ò bá ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, iyọ̀ gbọ́dọ̀ kàn án láàárín wákàtí díẹ̀. Nínú ooru wa yìí, bí wọ́n bá pa ẹran láàárọ̀ tí ẹ fi awọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀rá di alẹ́, ó ti ń jẹrà nìyẹn, ibi tó bá sì ti jẹrà ni irun á ti máa já lábalà-ábalà, tí ojú awọ á sì bó.

Iyọ̀ tó tó ìdajì ìwọ̀n awọ ni mo lò: gíráàmù 850 fún kílò 1.7. Iyọ̀ ọbẹ̀ lásán ni. Mo tẹ́ awọ sórí pákó tó dagun, ìhà ẹran sókè, mo fi iyọ̀ pa gbogbo rẹ̀ títí dé etí àti abẹ́ ẹsẹ̀. Pákó gbọ́dọ̀ dagun kí omi pupa tó ń jáde lè rí ọ̀nà lọ. Lọ́jọ́ kejì mo gbọn iyọ̀ tó ti lọ́rinrin dànù, mo fi díẹ̀ sí i. Ẹ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbi tí òjò àti eku ò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

3. Rírẹ àti híha

Mo fi omi tútù fọ iyọ̀ kúrò, mo rẹ awọ mọ́jú, mo pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ ó ti rọ̀ padà.

Fún híha, ẹ nílò ohun kan tí ẹ ó fi awọ lé lórí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ibi tó mú. Àwọn kan ń lo ìtì igi tí wọ́n ti gbẹ́ ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀. Páìpù ìdọ̀tí ínṣì mẹ́fà tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé ni èmi lò, gígùn rẹ̀ bíi mítà kan ààbọ̀. Mo fi orí rẹ̀ kan ti ògiri, mo sọ ìkejì mọ́lẹ̀, mo dúró sí ẹ̀yìn orí tó ga, mo fi ikùn tẹ etí awọ mọ́ ọn kó má baà yọ̀.

Irinṣẹ́ híha ni àdá àtijọ́ kan. Mo fi òkúta lọ ojú rẹ̀ títí tó fi kú, tí kò fi lè gé ìka mọ́, mo sì fi aṣọ wé orí rẹ̀ kí n lè di í mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ má lo ojú mímú. Ẹran àti ọ̀rá la fẹ́ tì kúrò, kì í ṣe pé a fẹ́ gé nǹkan.

Ẹran tó hàn sójú rọrùn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó fún un. Ohun tó máa ń tan èèyàn jẹ ni ìwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó wà lábẹ́ ẹran, tó funfun, tó ń dán, tó dà bí ara awọ gan-an. Kì í ṣe awọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, bàgàrúwà ò ní gba ibẹ̀ wọlé, torí náà ìhà irun nìkan ni yóò ti máa wọlé, àárín á sì wà ní tútù. Ẹ mọ̀ ọ́n báyìí: ẹ fi èékánná họ ibì kan. Bí nǹkan bá ká sókè ní abala, ìwọ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ojú tó rí wúruwùru bíi fọ́nrán òwú lẹ rí, ẹ ti dé orí awọ.

Ọrùn àti àyíká ìrù ló lọ́rà jù. Níbẹ̀, àdá á máa yọ̀. Mo da ìyẹ̀fun pákó lé e lórí, àdá sì rí nǹkan dì mú. Ọ̀nà ibẹ̀ ni láti ti àdá láti àárín sí etí, nítorí bí ẹ bá ti etí wọlé, awọ á ká lé ara rẹ̀, ẹ ó sì ya á. Ní ikùn, ẹ rọra o. Ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù, mílímítà kan ò tó.

Gbogbo híha yìí gba ọ̀sán kan gbáko, ẹ̀yìn sì dùn mí dé ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rò pé ẹ ti parí, ẹ sinmi, ẹ mu omi, kí ẹ padà wá họ ọ́ wò. Ó máa ń ku síbẹ̀.

4. Omi eérú fún irun

Lọ́dọ̀ màmá kan tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ni mo ti ra eérú èèpo kókó. Màmá náà bi mí bóyá èmi náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọṣẹ. Mo ní awọ ni. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ohun tó ń bó èèyàn lọ́wọ́ ni o, wọ ìbọ̀wọ́." Ẹ gbọ́ tiwọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ má jẹ́ kó ta sí yín lójú, kí omi tútù púpọ̀ sì wà nítòsí.

Ọgbọ́n alásẹ̀ ọṣẹ àti aláró ni mo fi sẹ́ omi rẹ̀. Mo dá ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí garawa ike kan, mo tẹ́ aṣọ àti koríko gbígbẹ sí i nínú, mo kó eérú lé e dé ìlàjì, mo gbé e sórí garawa kejì. Mo wá ń da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ kán sílẹ̀ pọ́n bí tíì, ó sì ń yọ̀ láàárín ìka.

Ẹyin tútù ni mo fi dán agbára rẹ̀ wò. Bí ẹyin bá rì, omi ò tíì lágbára. Bí ó bá léfòó tí ojú rẹ̀ tó yọ sókè kò ju ojú kọ́ìnì kan lọ, ó tó. Bí ó bá léfòó jù bẹ́ẹ̀ tó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ti le jù, ẹ bomi là á. Ti èmi le jù níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo là á tán, mo ní lítà mọ́kànlá, ó sì bo awọ dáadáa.

Ike ni kí gbogbo garawa yín jẹ́. Kí irin kankan má bọ́ síbẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ.

Mo ń rò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì ń fi òkúta tí mo dì sínú ọ̀rá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má léfòó. Lọ́jọ́ kẹta irun àyà àti ikùn ti ń fà tu, ti ẹ̀yìn àti ọrùn ṣì dì mọ́ra. Ẹ má fi ipá fà á. Nígbà tí mo lè fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo ti irun ẹ̀yìn kúrò láìlo agbára, mo gbé awọ padà sórí páìpù, ìhà irun sókè lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ẹ̀yìn àdá tì í. Irun ń ká kúrò bí mo ṣe ń tì. Mo tún lọ lẹ́ẹ̀kejì láti fún ìdọ̀tí dúdú tó wà ní ìdí irun jáde, torí bí ó bá kù síbẹ̀ yóò di àmì kóbokòbo lójú awọ.

Ní báyìí awọ ti wú, ó nípọn ní ìlọ́po méjì, ó ń tàn, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rù lè bà yín. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

5. Omidùn

Eérú gbọ́dọ̀ jáde kí bàgàrúwà tó wọlé. Àwọn méjèèjì ò jọ ń gbé pọ̀: bí eérú bá ṣì wà nínú awọ, bàgàrúwà á dúdú kúkú, awọ á sì le.

Omi tó ń ṣàn ni mo kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo pààrọ̀ omi. Lẹ́yìn náà omidùn: lítà mẹ́fà lọ́dọ̀ ìyá ológì àdúgbò, èyí tó ti kan dáadáa. Wọn ò gbowó lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn á dà á nù ni. Ní Kano, ìgbẹ́ ẹyẹ ni àwọn aláwọ àtijọ́ ń lò ní ìpele yìí láti mú awọ rọ̀ sí i, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára fún awọ tí a fẹ́ kó rọ̀ gidigidi. N kò ní ìgboyà fún un.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ kan, wíwú náà lọ sílẹ̀, awọ sì rọ jọwọrọ. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó nípọn jù, ní ọrùn tàbí ìbàdí. Bí ojú ọwọ́ yín bá dúró síbẹ̀, ó ti ṣe. Bí ó bá ta padà sókè bíi rọ́bà, ẹ dá a padà sínú omidùn. Ẹ má fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ gbàgbé o. Bó bá pẹ́ jù, omidùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ awọ.

Omi eérú tó kù, mo pò ó mọ́ omidùn tí mo ti lò tán kí agbára méjèèjì lè pa ara wọn, mo wá dà á sínú kòtò tó jìnnà sí kànga. Irun àti ẹran tí mo ha, mo rì wọ́n mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

6. Bàgàrúwà

Sábó ni mo ti rà á, lọ́dọ̀ Málàm kan tó ń ta egbòogi. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún ni, ó gùn, ó sì rí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n mọ́ oògùn inú àti ti àwọn abiyamọ. Àwọn aláwọ ilẹ̀ Hausa ti ń fi ṣe awọ ewúrẹ́ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò lè ka iye ọdún rẹ̀. Heinrich Barth, ará Jámánì tó dé Kano ní 1851, ka awọ tí wọ́n ti ṣe mọ́ ọjà tí ìlú náà ń tà sóde. Awọ ewúrẹ́ pupa ilẹ̀ Sokoto sì ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé etíkun àríwá Áfíríkà, débi tí àwọn ará Yúróòpù fi ń pè é ní awọ Morocco.

Kóńgò méjì ni mo rà. Nígbà tí mo gún un tán, tí mo sì ṣa hóró inú rẹ̀ kúrò, ó kù díẹ̀ kó pé kílò méjì. Odó igi ni kí ẹ fi gún un. Hóró kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, èèpo ni agbára wà. Mo pín in sọ́nà mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti awọ tí mo ṣe ṣáájú èyí, kí ohun tí mo ń wí lè yé yín. Gbogbo bàgàrúwà pátá ni mo dà sínú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà, tí mo sì rì í sí i. Lọ́jọ́ kejì ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó lẹ́wà, mo sì ti ń pe èèyàn wá wò ó. Ojú awọ ti hunjọ, kò sì tẹ́jú mọ́ títí ayé. Nígbà tó gbẹ, ó gan paali, mo ká a, ó sì dá. Nínú ibi tó dá, ìlà funfun kan wà láàárín, tútù ni gbangba. Bàgàrúwà tó lágbára ti ti ìta pa kí inú tó rí nǹkan gbà. Ajá àdúgbò ló gbé ìyókù lọ.

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, omi tí kò lágbára ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ ìdá kìn-ín-ní nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú, mo sẹ́ ẹ, mo là á dé lítà mẹ́wàá. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ẹ bá fi ahọ́n kàn án á fún ẹnu yín pọ̀ díẹ̀. Mo gbé awọ sí i nígbà tí omi ti tutù. Ní wákàtí àkọ́kọ́ n kò kúrò níbẹ̀: mo ń yí i, mo ń ṣí ibi tó ká, mo ń fún un, mo tún ń rì í padà. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nígbà yìí á jáde pẹ̀lú àbàwọ́n. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀ẹ̀mẹrin sí márùn-ún lójúmọ́.

Ìgbà tí mo bá tọ́ omi náà wò tí kò fún ẹnu pọ̀ mọ́ ni mo ń fi ìdá tó kàn kún un. Ìyẹn ni pé awọ ti mu èyí tó wà níbẹ̀ tán. Fún ìdá kejì mo sẹ́ ẹ bíi ti àkọ́kọ́. Ìdá kẹta àti ìkẹrin, mo kàn da èèpo gígún náà sínú garawa pẹ̀lú awọ, mo tẹ́ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo wọ́n díẹ̀ lé e lórí, mo sì kó èyí tó kù sáàárín ibi tí mo ti ká a. Gbogbo rẹ̀ gba bí ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀. Màlúù? Ẹ má dán an wò nílé, ó lè gba oṣù mélòó kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti wọlé? Ẹ gé etí kékeré ní ọrùn, níbi tó nípọn jù, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Àwọ̀ kan náà gbọ́dọ̀ wà láti ìta dé ìta. Bí ìlà tó funfun tàbí tó dán gbinrin bá wà láàárín, ẹ dá a padà. Ìdánwò kejì ni pé kí ẹ ju etí awọ tí ẹ gé náà sínú omi gbígbóná tí kò tíì hó. Mo fi tọ́mọ́mítà wọn tèmi, 70°C. Awọ tútù á ká, á sì sún kì lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ti gba bàgàrúwà dáadáa á dúró bó ṣe wà. Ẹ má lo omi tó ń hó, torí yóò ká awọ tó ti jiná pàápàá, ẹ ó sì máa dá ara yín lẹ́bi lásán.

7. Àmì dúdú

Láàárín ìpele bàgàrúwà mo rí àmì aró dúdú mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Ìpẹtà ara àdá ló fà á, èyí tó ti wà lára awọ láti ìgbà híha. Irin àti bàgàrúwà tí wọ́n bá pàdé, dúdú ni wọ́n ń bí, àwọn oníṣẹ́ awọ sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ rẹ irin dípẹtà sínú omi kíkan láti fi pa awọ láró dúdú. Èmi ò fẹ́ dúdú. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo fi aṣọ rọra nù ún, mo fi omi fọ̀ ọ́ kíákíá. Méjì lọ pátápátá, ẹ̀kẹta ṣẹ́ku bí òjìji. Bí ẹ bá lè rí ọ̀bẹ tí kì í dípẹtà, tàbí kí ẹ gbẹ́ igi líle fi ṣe ohun ìha, ẹ máa bọ́ nínú èyí.

8. Òróró àti fífà

Mo fi omi tútù fọ awọ títí omi rẹ̀ fi mọ́ díẹ̀, mo ká a, mo fún un, mo fi ẹ̀yìn àwo tanganran ti omi tó kù jáde lórí tábìlì. Kò gbọ́dọ̀ gbẹ. Bó ṣe lọ́rinrin yẹn ni mo fi òróró ẹ̀pà pa á, ìhà irun fẹ́ẹ́rẹ́, ìhà ẹran púpọ̀ díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bíi mílílítà 150. Omi á máa jáde, òróró á máa gba ipò rẹ̀. Bí ẹ bá duro dìgbà tó gbẹ kẹ́ ẹ tó fi òróró sí i, ojú rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Mo yẹra fún epo pupa nítorí àwọ̀ rẹ̀, mo sì yẹra fún àdí nítorí òórùn.

Mo fi okùn ọ̀rá so ó mọ́ férémù pákó, n kò fi ìṣó kàn án nítorí ìdí tó wà ní ìpele keje. Abẹ́ ibòji ni, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i. Oòrùn á mú un gan.

Ibi tí ó ti di awọ gidi nìyí. Nígbà tó ń gbẹ lọ, tó ṣì tutù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tutù sí àtẹ́lẹwọ́ mọ́, mo tú u kúrò lórí férémù, mo di í mú lọ́wọ́ méjèèjì, mo ń fà á síwá sẹ́yìn lórí etí pákó tí mo ti gé rìbìtì. Gbogbo ọ̀nà: gígùn, ìbú, ìdábùú. Ibi tí ẹ bá fà ni yóò funfun díẹ̀ tí yóò sì rọ̀. Ibi tí ẹ bá fò ni yóò gan. Mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, mo tún padà wá fà á, bẹ́ẹ̀ títí tó fi gbẹ pátá. Èmi àti àbúrò mi jọ ń gbà á fún ara wa ni, torí apá ẹnì kan ò lè ká a láì sinmi. Bó bá gbẹ mọ́ yín lọ́wọ́ tó sì gan, kò tíì bàjẹ́: ẹ wọ́n omi sí i, ẹ wé e mọ́jú nínú ọ̀rá, ẹ bẹ̀rẹ̀ padà.

Ìparí rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi ìdí ìgò tó jọ̀lọ̀ yún ojú rẹ̀ títí tó fi dán.

9. Àwọ̀ pupa, díẹ̀

Etí tí mo gé kúrò ni mo fi dán èyí wò. Pòròpórò ọkà bàbà, èyí tí wọ́n ń sè fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ni mo sè pẹ̀lú kánún tí kò ju orí ìka lọ. Omi rẹ̀ pọ́n dòdò. Mo jẹ́ kó tutù, mo fi òwú pa á sójú awọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣan kánún kúrò. Pupa náà jinlẹ̀, ó dára ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti jẹ́ kí kánún pẹ́ dúdú, ó sì le díẹ̀. Nígbà mìíràn kánún á dín.

Owó

Alápatà fún bíbó: ₦1,000
Iyọ̀: ₦700
Eérú èèpo kókó: ₦1,000
Bàgàrúwà, kóńgò méjì: ₦3,600
Òróró ẹ̀pà, ìdajì lítà: ₦1,800
Ìbọ̀wọ́ rọ́bà: ₦1,200
Okùn ọ̀rá: ₦500
Ọsàn wẹ́wẹ́: ₦500
Pòròpórò ọkà bàbà: ₦600

Àpapọ̀ ₦10,900. N kò ka òbúkọ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, a jẹ ẹran rẹ̀. Wọ́n ń ta awọ lọ́jà fún iye tó kéré sí èyí, nítorí náà ẹni tó bá ń wá ọ̀nà à-ti-ṣọ́wó ná, kó lọ rà á.

Ibi tó já sí

Awọ gbígbẹ náà wọn gíráàmù 420. Nínípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.1 ní ẹ̀yìn, 0.7 ní ikùn. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àgbọn gbígbẹ, ó rùn fẹ́ẹ́rẹ́ bí èso tí a sá, òórùn òbúkọ ti lọ. Mo bu omi lé e lórí, mo jẹ́ kó rin gbindin, mo sá a: ó gan díẹ̀, mo fọwọ́ fún un, ó rọ̀ padà. Kò di pọ̀nmọ́.

Ṣúmékà tó wà níwájú ilé wa gbà á, ó fà á, ó ká a, ó fi eyín gé etí rẹ̀ wò. "Bọ̀dá, ta ló ta èyí fún yín?" Mo ní èmi ni mo ṣe é. Kò gbà mí gbọ́ títí mo fi mú etí pupa jáde. Ó gún un láìfọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ẹ̀yìn nìkan ló dára fún ọwọ́ bàtà, ikùn máa nà bí a bá fi ṣe nǹkan tó ń gbé ẹrù, kí n fi ìyẹn ṣe àpò. Òótọ́ ló sọ. A rí ọwọ́ sálúbàtà méjì àti àkọ̀ ọ̀bẹ kan nínú rẹ̀, ikùn sì ń dúró de àpò.

Ohun méjì ló kù díẹ̀ káàtó: ìhà ọ̀tún ọrùn ṣì gan, torí pé ibẹ̀ ló kọ́kọ́ gbẹ nígbà tí mo lọ jẹun, àwọn ojú ọ̀bẹ alápatà sì hàn kedere ní ìhà ẹran.

Ẹ má da omi bàgàrúwà tó kù nù. Agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, bó sì ṣe yẹ kí omi àkọ́kọ́ rí nìyẹn fún awọ tó kàn. Ti èmi wà nínú garawa tí mo dé pa, mo ti bá alápatà sọ̀rọ̀ nípa àgbò kan, ó sì ti sọ fún mi pé ₦1,500 ni bíbó ti àgbò.